Ìṣẹ́tí

Láníyọnu ti ibi iṣẹ́ òru dé láago méje àárọ̀,
kò bọ́ bàtà, kò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yanran.
Ó ní, "Wọ́n ti kó wọn dé."
Mo ní, "Àwọn ta?"
Ó ní, "Àwọn àpótí onírin tí ń dá rìn.
Wọ́n á rá pálá wọ abẹ́ pẹpẹ, wọ́n á gbé e ńlẹ̀,
wọn kì í tọ̀, wọn kì í bèèrè àkókò tíì.
Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù mí. Ó dúró, ó yà fún mi
bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé."
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú.

Télọ̀ ni kó tó dé ìlú òyìnbó.
Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó lè fi ojú wọn ọkùnrin tó ń kọjá
kó dá ṣòkòtò fún un láìfọwọ́ kan téèpù.
Dọ́nkásítà kò bi í léèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.
Wọ́n bi í bóyá ó lè gbé kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òjò ń ta sára fèrèsé,
a jókòó ti ìrẹsì àti ẹja dídín.
Fadérera gbé fóònù sílẹ̀, ìyanu gbáà,
ó ní, "Mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ yìí sílẹ̀.
Ẹ̀rọ ń ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá. Ta ni yóò gbà mí síṣẹ́?"
Mo lanu láti bá a wí.
Owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún méjì ló kọ́kọ́ gba iwájú mi kọjá,
n kò ní parọ́.
Bàbá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Jẹ́ kó sọ ọ́ tán.
Ẹ̀rù tó ń bà á, òun náà ló ń bà mí.
Èmi ni n kò sọ."

Síbí dákẹ́ nínú abọ́.
Ọdún mẹ́tàdínlógún la ti ń jẹun lórí tábìlì yìí,
ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ "ẹ̀rù" lẹ́nu ọkọ mi.

Àdìgún, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní ká dán ẹ̀rọ náà wò,
kó bá mi kọ lẹ́tà sí ìyá ọkọ mi.
Kí n tó gbé omi mì, lẹ́tà ti dé,
ìkíni rẹ̀ kún ju tèmi lọ.
Àfi pé mo ní ọkọ̀ mi bàjẹ́ ní títì,
ó kọ ọ́ pé ọkọ mi ti bàjẹ́.
Àmì kékeré kan ló já bọ́. Sí ìyá ọkọ, ẹ gbà mí!
Láníyọnu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Fadérera nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
"Yóò mọ̀ ọ́n kọ tó bá di ọdún tó ń bọ̀."
Òótọ́ ni. N kò bá a jiyàn.

Mo kàn sọ ti Ìyá Wínífírẹ́ẹ̀dì fún wọn,
níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó.
Ojú kan wà lókè àjà tí ń ṣọ́ ọ lóru.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yọ ọ́ nínú ewu, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Alẹ́ tí àbúrò rẹ̀ kú, ojú náà kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi:
"Ó ń sùn dáadáa."
Mo wọlé, mo fọwọ́ kan ìrọ̀rí, ó ti rin gbindin.
Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká.
Ó ní, "Ọwọ́ rẹ tutù."
Kò sì jẹ́ kí n gbé e kúrò.
Kò sí ìlà ìyẹn nínú ìwé owó oṣù mi.

A kò fẹnu ọ̀rọ̀ jóná.
Láníyọnu wọ́ máṣíìnì jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn,
ó gbọn eruku rẹ̀, ó pe Àdìgún,
ṣòkòtò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń gbálẹ̀.
"Ṣé ẹ̀rọ kò lè ṣe èyí fúnra rẹ̀ ni, Dádì?"
"Ó lè ṣe é. Di ibẹ̀ mú."
Abẹ́rẹ́ ṣíwájú, okùn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Fadérera sún àga mọ́ wọn.
"Kí lẹ ń pe etí aṣọ tẹ́ ẹ ká sókè yẹn?"
"Ìṣẹ́tí."
Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀, tàmì-tàmì.
Fóònù fa ìlà pupa sí i nídìí.
Kò pa á rẹ́.